Ta Ló Tú U?

*ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀*
*Bíbélì kíkà:* Àìsáyà 33:20-24; Hébérù 2:1; Hébérù 3:12-14

Ẹni tí kò bá tíì ṣí Bíbélì rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ ka àwọn ẹsẹ òkè yìí ná. Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀, ẹ má kà á lójú títì o, ẹ fi sílẹ̀ dìgbà tí ẹ bá débi tí ẹ ń lọ.

Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ yín nílé, èyí tó ní nǹkan dúdú róbótó lórí tí a fi ń dì í mú, ṣé nǹkan dúdú náà ṣì wà níbẹ̀? Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ó ti lọ tipẹ́. Aṣọ ìdáná la fi ń gbé ìdérí, àbí ká ti ṣíbí bọ abẹ́ rẹ̀. Ta ló tú u? Kò sọ́mọ tó mú irin tú u. Àlejò kankan ò sì wá síbẹ̀ wá tú u. A ń ṣí i, a ń dé e, iná ń mú un gbóná, omi ń mú un tutù, a ń fọ̀ ọ́, a ń gbé e lé orí abọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mì díẹ̀. A rí i pé ó ń mì. A ní, "Màá wá ẹni tó máa fún un." Lọ́jọ́ kan, nígbà tí àlejò wà nílé, ó já sínú ọbẹ̀ ilá.

Ohun tí wòlíì Àìsáyà rí nìyẹn, àfi pé ojú omi ni tirẹ̀. Ní orí 33, ẹsẹ 23, ó rí ọkọ̀ ojú omi kan tí àwọn okùn rẹ̀ ti dẹ̀. Nítorí pé okùn dẹ̀, òpó tó gbé ìgbòkun ró kò lè dúró gírí. Nítorí pé òpó ò dúró, wọn ò lè ta ìgbòkun. Ọkọ̀ kò tíì rì o. Gbogbo ohun tí ọkọ̀ ń ní ló ní. Ṣùgbọ́n kò lè lọ síbì kankan. Ẹ tún ẹsẹ náà kà, kí ẹ wá ìjì níbẹ̀. Ẹ ò ní rí i. Wòlíì ò sọ pé ìgbì kọlù ú, kò ní ó forí sọ àpáta. Ohun tó sọ kò ju pé ó dẹ̀.

Àwọn olùkọ́ Bíbélì ò fẹnu kò lórí ẹni tó ni ọkọ̀ yìí. Àwọn kan ní ọkọ̀ ọ̀tá ni, pé àwọn ará Asíríà ló ń bá wí. Àwọn mìíràn ní Jerúsálẹ́mù fúnra rẹ̀ ni wòlíì ń pè ní ọkọ̀. Èmi wà lẹ́yìn àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì, nítorí ẹsẹ tó tẹ̀ lé e. A ó dé ibẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń sọ níbi tó jókòó sí pé, "Ajíhìnrere, ọkọ̀ ojú omi kẹ̀? Ní Ọ̀fà?" Òótọ́ ni. Ìjàkadì la fi mọ Ọ̀fà, kì í ṣe ìtukọ̀. Àmọ́ ìlú rélùwéè ni wá, bẹ́ẹ̀ rélùwéè àti omi ti bára tan ní ìpínlẹ̀ wa yìí tipẹ́. Ojú irin tó ń ti Èkó bọ̀ dé Òṣogbo ní 1907, ó gba ọ̀dọ̀ tiwa kọjá, ó sì dé Jẹ́bà ní 1909. Níbẹ̀ ló ti bá Odò Ọya pàdé, kò sì sí afárá. Títí wọ́n fi parí afárá ní 1916, orí ọkọ̀ omi ńlá ni wọ́n ń gbé àwọn wágọ́nù sí kọjá. Ẹ wo iye nǹkan tí bóòtù àti nọ́ọ̀tù ń dì mú nínú ìrìn àjò yẹn! Ibi tí irin kan ti pàdé irin kejì lójú rélùwéè, pẹlẹbẹ irin méjì ló há wọn sáàárín, bóòtù ló sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń kọjá, ó ń gbọ̀n. Ìdí nìyẹn tí rélùwéè fi ń gba àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rin ojú irin, olúkúlùkù pẹ̀lú ibi tí wọ́n pín fún un, sípánà gígùn léjìká, tí wọ́n ń wo èyí tó ti dẹ̀ kí wọ́n fún un padà. Àwọn bàbá wa tó ṣe iṣẹ́ náà mọ ohun tí mo ń wí.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ sípánà ò yẹ lórí àga ìwàásù. Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Odò-Ọwá ní Kwara níbí, awakọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì ni. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, ẹ̀rọ náà dáṣẹ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ibi tó ti ń gbìyànjú láti tún un ṣe ni ìpè Olúwa ti bá a.

Nígbà kan tí àwa ajíhìnrere lọ sí agbègbè Jẹ́bà, mo dúró létí omi, mo ń wo ọkùnrin Nupe kan tó ń fi ọkọ̀ onígi gbé èrò. Ẹ́ńjìnnì kékeré wà nídìí ọkọ̀ náà, síkúrúù ọlọ́wọ́ méjì ló fi há pákó ìdí ọkọ̀ mọ́ra. Kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan síkúrúù kìíní, ó yí i. Ó kan èkejì. Ó di orí ẹ́ńjìnnì mú, ó mì í sọ́tùn-ún, ó mì í sósì. Lẹ́yìn ìyẹn, ó fa okùn kan wò, èyí tó fi so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀. Ọ̀kan nínú wa tí ojú ń kán sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò fún un lánàá ni?" Ó fi Yorùbá dá a lóhùn, ó ní, "Mo fún un lánàá. Ṣé àná ni mo fẹ́ gbé yín kọjá ni?"

Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí Hébérù orí kẹta, níbi tí Ìwé Mímọ́ ti ní ká máa gba ara wa níyànjú lójoojúmọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ òní. Kò sí èyí tó ṣàlàyé "òní" yẹn fún mi tó ọkùnrin náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí bóòtù ṣe ń di nǹkan mú, nítorí ọ̀pọ̀ wa ò rò ó rí. Bí ẹ bá fún nọ́ọ̀tù, bóòtù á nà díẹ̀, bí ìgbà téèyàn fa rọ́bà, àmọ́ ó kéré débi pé ojú ò lè rí i. Ó ń fẹ́ padà sí bó ṣe wà. Fífẹ́ tó ń fẹ́ padà yẹn ló fi ń fa irin méjì mọ́ra, ìyẹn gan-an ló ń di nǹkan mú. Bí ìfàmọ́ra náà bá ti dín kù, nọ́ọ̀tù ṣì wà lórí bóòtù o. Ẹni tó bá ń wò ó lókèèrè á ní kò sóhun tó ṣe é. Ó wà ní ìjókòó rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ó wọ aṣọ ẹgbẹ́, ó dá owó. Àmọ́ kò di nǹkan kan mú mọ́.

Ní 1969, onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Gerhard Junker gbé ìwádìí rẹ̀ jáde lórí ohun tó ń tú nọ́ọ̀tù. Tẹ́lẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ń rò ni pé fífà tó le ló ń tú u, pé kí nǹkan máa fa bóòtù ní òró. Junker ṣe ẹ̀rọ kan tó ń ti irin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, sọ́tùn-ún sósì. Ó rí i pé ibi tí ewu wà gan-an nìyẹn. Bí irin méjì bá ti lè máa yọ̀ lórí ara wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, bó ti wù kó kéré mọ, nọ́ọ̀tù á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó fi sípánà kàn án.

Ẹ̀yin ará, mo ti ń ro èyí láti ọjọ́ tí mo ti kà á. Àdúrà wa pọ̀ lórí ohun tó ń fa èèyàn tagbára-tagbára. À ń gbàdúrà lórí iná, lórí jàǹbá, lórí ikú àìtọ́jọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ wo àwọn tí ẹ mọ̀ tí wọn kò bá wa rìn mọ́. Mélòó nínú wọn ni ìnira ńlá gbé lọ? Mo ti rí ìyá tó sin ọmọ rẹ̀ tán tó wá sí ìpàdé àdúrà lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí ìfà ńlá bá dé, èèyàn máa ń há mọ́ Ọlọ́run. Títì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kékeré, èyí tí kò dun èèyàn rárá, òun ló ń ṣe iṣẹ́ náà. "Jẹ́ kí n sùn díẹ̀ sí i, màá gbàdúrà nínú ọkọ̀." "Owó ẹgbẹ́ yìí, màá dá a padà kí ìparí oṣù tó dé." "Mi ò bá a jà, mi ò kàn fẹ́ràn kí n máa kí i." Lọ́la, a tún yọ̀ díẹ̀.

Hébérù 2:1 mọ̀ nípa èyí. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí òǹkọ̀wé lò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ohun tí omi ń ṣàn gbé kọjá lọ ni. Kò ní kí a ṣọ́ra kí a má fò kúrò. Ẹ̀rù tó ń bà á ni pé kí omi má gbé wa kọjá èbúté bí a ti jókòó sínú ọkọ̀ tí à ń sọ̀rọ̀.

Arábìnrin kan tó ń gba àṣàrò yìí kọ̀wé sí mi, ó sì gbà kí n sọ ọ́ láìdárúkọ. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Nígbà tó kọ́kọ́ lọ, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń wálé. Ó di oṣooṣù. Ó di ìgbà ọdún. Ìpè alaalẹ́ di ìpè ọjọ́ Àìkú, ó wá di "Mo rí ìpè rẹ o, ọwọ́ mi ló dí." Wọn ò jà. Kò sọ́jọ́ kan tí ẹnikẹ́ni pariwo. Owó oúnjẹ ṣì ń wọlé. Nígbà tó yá ló gbọ́ pé ilé mìíràn ti wà níbẹ̀, ọmọ sì ti wà nínú ilé náà. Ìbéèrè tó bi mí ni pé, "Ajíhìnrere, ọjọ́ wo gan-an ni ọkọ mi fi mí sílẹ̀? Mo ti wá ọjọ́ náà títí, mi ò rí i."

Mi ò ní èsì tó dá a lójú pé ó dùn mọ́ mi láti fún un. Ohun tí mo sọ fún un ni pé kò sí ọjọ́ náà lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí kò fi rí i. Kó má sì fi ìyókù ayé rẹ̀ wá a. Ẹ jọ̀wọ́ o, bí ẹ bá mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ, ẹ má lọ bá a sọ pé òun ló yẹ kó ti fún nọ́ọ̀tù yẹn. Nọ́ọ̀tù ọwọ́ ẹlòmíràn ò sí lábẹ́ sípánà wa.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó àti Àbújá, ẹ̀yin ọmọ Ọ̀fà tí ẹ wà ní London àti ní Amẹ́ríkà tí ẹ ṣì ń gba àṣàrò yìí: kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ pe ilé. Mi ò ní kí ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ẹ pè. Ẹ má sì tìtorí owó ilé ìwé pè. Ẹ béèrè bó ṣe sùn. Ẹ̀yin ìyàwó tó wà lókèèrè, tí ọkọ wà nílé, ọ̀rọ̀ náà kàn yín pẹ̀lú. Mo ń dúró dè yín.

Ṣé ẹ ti pè? Ó dáa.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ò gbọ́dọ̀ dé, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ ojú omi tó kó àwọn tó ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ dà lórí Odò Ọya ní agbègbè Pàtígì, ní ìpínlẹ̀ wa níbí. Àwọn tó kú lé ní 100. Ìròyìn tó jáde ni pé igi ńlá kan tó wà lábẹ́ omi ni ọkọ̀ náà kọlù tó fi là. Àwọn ẹbí kan pàdánù bàbá, ìyá àti ọmọ lóru ọjọ́ kan. Kí ẹnikẹ́ni má fi àṣàrò òní lọ bá irú wọn. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tó rì ni okùn rẹ̀ dẹ̀. Nígbà tí Jésù fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ àwọn 18 tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa, ní Lúùkù orí 13, kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀ṣẹ̀ kà wọ́n lọ́rùn ju àwọn yòókù lọ. Àwọn tó dúró tí ń gbọ́ ló kọjú sí. Àwa tí à ń kà á láàárọ̀ yìí ni mo kọjú sí.

Àwọn mẹkáníìkì ní oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dá nọ́ọ̀tù dúró kó má tú. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni wọ́ṣà oníspríǹgì, òrùka irin tí wọ́n gé níbì kan, tó ká díẹ̀. Gbogbo wa la ti rí i nínú àpò mẹkáníìkì. Ó ń fọkàn èèyàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e sórí irú ẹ̀rọ tí Junker ṣe, tí wọ́n ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, nọ́ọ̀tù tú síbẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti fún un tán, ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, kò yàtọ̀ sí wọ́ṣà lásán mọ́.

Mi ò fẹ́ ṣẹ ẹnikẹ́ni, pàápàá ẹ̀yin àgbà tó wà lórí àkójọ yìí. Àmọ́ mélòó nínú ohun tí à ń gbára lé ló jẹ́ wọ́ṣà oníspríǹgì? Oyè nínú ìjọ. Ìwé tí a lẹ̀ mọ́ gíláàsì ọkọ̀ pé a ti fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo ọkọ̀ yìí. Ìgò òróró lórí fèrèsé. Bàbá tó dá ìjọ sílẹ̀ tó jẹ́ bàbá wa àgbà. Kò sí èyí tó burú nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí gbígbọ̀n bá bẹ̀rẹ̀, tí ohun tí a gbára lé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìtura nìkan ni wọ́n ń fún wa, wọn ò di nọ́ọ̀tù mú. Èmi náà tí ẹ ń pè ní Ajíhìnrere, orúkọ yẹn ò lè jí mi gbàdúrà láago mẹ́rin.

Èyí tó wù mí jù nínú ọ̀nà wọn ni nọ́ọ̀tù méjì lórí bóòtù kan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń ṣì í ṣe. Tínrín ló ń kọ́kọ́ wọlé, tí yóò sún mọ́ irin. Èyí tó nípọn á tẹ̀ lé e. Wọ́n á wá fi sípánà méjì: ọ̀kan á di ti ìsàlẹ̀ mú kó má yí, èkejì á fún ti òkè mọ́ ọn lórí títí àwọn méjèèjì á fi máa ti ara wọn. Títì tí wọ́n ń ti ara wọn yẹn ló ń mú kí wọ́n dúró. Bí o bá kan gbé nọ́ọ̀tù kejì lé orí ti àkọ́kọ́ láìfún un mọ́ ọn, àwọn méjèèjì á jọ tú ni, wọ́n á máa bá ara wọn ṣeré lọ.

Ẹ dákun, ta ni nọ́ọ̀tù kejì yín? Mi ò béèrè ẹni tí ẹ jọ ń ṣeré o. Ọ̀rẹ́ ìjọ wa pọ̀, a jọ ń rán aṣọ, a jọ ń lọ sí òde, a jọ ń bú pásítọ̀. Àwa méjèèjì lè jọ tú. Mo ń béèrè ẹni tó lè wo ojú yín kó ní, "Bọ̀dá, owó tí ẹ ní ẹ máa dá padà sí àpò ẹgbẹ́ ńkọ́?" tí ẹ ò sì ní bá a ṣọ̀tá. Ẹni tó lè béèrè pé, "Ìgbà wo lẹ kẹ́yìn ka Bíbélì tí kì í ṣe nítorí pé ẹ fẹ́ wàásù?" Ẹni tí ẹ lè pè láago kan òru pé ìdánwò kan ń lọ lọ́wọ́ báyìí. Ẹ wò ó dáadáa nínú Hébérù 3:13: kò ní kí olúkúlùkù gba ara rẹ̀ níyànjú. Ẹ̀ṣẹ̀ ní ẹ̀tàn, ọkàn ẹni tó ń le lọ ló kẹ́yìn láti mọ̀ pé òun ń le.

Ẹni tó bá ní ìyàwó tàbí ọkọ tó bẹ̀rù Ọlọ́run, ọ̀pọ̀ ìgbà, nọ́ọ̀tù kejì rẹ̀ ti wà nínú ilé. A kàn ń pè é ní wàhálà ni.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Àtè kan wà tí wọ́n ń kán sí eyín bóòtù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Vernon Krieble, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló ṣe é ní 1953. Ìyanu rẹ̀ ni pé níbi tí afẹ́fẹ́ bá wà, omi ni, kì í gan. Ìgbà tó bá wọ àárín irin méjì, níbi tí afẹ́fẹ́ ò lè dé, ìgbà yẹn ló ń le. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ nu òróró kúrò lára bóòtù kó tó lè mú. Ẹ lọ ka Mátíù 6:6 lórí yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Àdúrà tí gbogbo èèyàn ń gbọ́ nìkan, kì í gan.

Ẹ̀yin tí ẹ bá sì ti ń sọ lọ́kàn pé láti òní lọ, ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún ni, àdúrà wákàtí mẹ́fà ni, ẹ rọra. Bóòtù tí a fún kọjá agbára rẹ̀ máa ń já, èyí tó já sínú irin sì ṣòro yọ ju èyí tó dẹ̀ lọ. Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ báyìí ní oṣù kìíní. Kí oṣù kẹta tó parí, kò wá sí ìjọ mọ́, ìtìjú ò jẹ́ kó padà. Iṣẹ́jú márùn-ún tí a ṣe lónìí, tí a tún ṣe lọ́la, ohun tí ọkùnrin Nupe yẹn ń ṣe nìyẹn. Kò lo ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ó ku okùn. Ẹ rántí pé lẹ́yìn tó ti yẹ síkúrúù méjèèjì wò, ó fa okùn tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ọkọ̀. Àwọn tó ń fi ẹ́ńjìnnì sórí ọkọ̀ omi mọ ìdí rẹ̀. Bí síkúrúù bá tú lójijì láàárín odò, ẹ́ńjìnnì á bọ́, àmọ́ kò ní rì lọ sísàlẹ̀. Wọ́n á fi okùn fà á sókè. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27, nígbà tí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù fẹ́ fọ́ nínú ìjì, àwọn atukọ̀ fi okùn di ara ọkọ̀ náà yí ká. Ọkọ̀ fọ́ nígbẹ̀yìn, àmọ́ gbogbo èèyàn 276 tó wà nínú rẹ̀ dé ilẹ̀ láàyè.

Nísinsìnyí, ẹ padà sí Àìsáyà. Mo ní a ó dé ẹsẹ tó tẹ̀ lé ti ọkọ̀ tó dẹ̀ yẹn. Ẹ ka ẹsẹ 24. Lẹ́yìn okùn tó dẹ̀ àti òpó tó ń mì, kí ni wòlíì sọ nípa àwọn ará ìlú náà? Pé a ti dárí ẹ̀ṣẹ̀ wọn jì wọ́n. Pé ara wọn ti le. Àwọn arọ tilẹ̀ ti bá wọn pín ìkógun ní ẹsẹ 23. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ọkọ̀ tiwa ni, kì í ṣe ti ọ̀tá. Olúwa rí i pé ó dẹ̀, kò tú u palẹ̀ fún igi ìdáná. Nítorí náà, ẹni tó bá ti ń ka èyí pẹ̀lú ìbẹ̀rù, tó mọ̀ pé òun ti kọjá mímì, pé òun ti bọ́ pátápátá, okùn ṣì wà lára yín. Ẹ di apá tiyín mú.

*Iṣẹ́ òní:* Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń fi ọ̀dà fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ láti orí nọ́ọ̀tù bọ́ sára irin. Lọ́jọ́ mìíràn, wọn ò nílò kí wọ́n fi sípánà kàn án kí wọ́n tó mọ̀. Bí ìlà náà bá ti yà, ó ti yí nìyẹn. Ẹ mú bébà. Ẹ kọ bí àdúrà yín, ilé yín àti ọwọ́ yín nínú owó ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí. Ẹ kọ bó ṣe rí lónìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi han èmi. Ẹ fi han nọ́ọ̀tù kejì yín kí alẹ́ tó lẹ́. Ẹni tí kò bá ní, kó sọ fún mi ní ìkọ̀kọ̀, a ó jọ wá ẹnì kan.

*Àdúrà:* Olúwa, gbogbo àwọn tó ń wọ ọkọ̀ lórí Odò Ọya láàárọ̀ yìí, ní Jẹ́bà, ní Pàtígì, àti àwọn tó ń wa ọkọ̀ náà, pa wọ́n mọ́. Tu àwọn tí omi gba èèyàn wọn nínú. Arábìnrin wa tó kọ̀wé, gbé e ró lónìí, kí oúnjẹ má wọ́n àwọn ọmọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní Èkó, Ìwọ mọ ilé tó wà. Bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó pe ilé láàárọ̀ yìí tí wọn ò gbé e, jẹ́ kó tún pè lálẹ́. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.